Nọ́ńbà Tó Wà Láyà Mi

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kí ọkàn yín lè balẹ̀: n kò ṣẹ̀wọ̀n rí. Kò sí adájọ́ tó pè mí, kò sí ọlọ́pàá tó fọwọ́ kàn mí, yálà nílé tàbí lájò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Ìlá-Ọ̀ràngún tí ẹ béèrè télọ̀ tó lọ sí Ìlú Ọba, àgbàlagbà kan lè fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó rẹ ohùn sílẹ̀, kó ní, "Ẹni yẹn? Ó jìyà lọ́hùn-ún o." Eré ni mo sá. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe jẹ́, ẹ ó sì gbọ́ ibi tí ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀.

Ọbabìnrin ò tíì pẹ́ lórí ìtẹ́ nígbà tí mo dé ìlú kan ní apá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú tí wọ́n ti ń rán kóòtù. Télọ̀ gidi ni mí o. Ọwọ́ Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó kọjú sí kóòtù ìbílẹ̀. Bàbá mi ti kú nígbà tí mo wà ní kékeré, Bàbá Kékeré ló dúró bíi bàbá fún mi. Mo lè fi ojú wọn èèyàn kí n tó fi téèpù kàn án. Mo ti rò ó pé bí mo bá débẹ̀, àwọn òyìnbó yóò káwọ́ lérí, wọn ó máa wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n mú mi wọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ inú rẹ̀ pọ̀ débi pé n kò rí ògiri òdìkejì. Wọ́n mú mi jókòó, wọ́n ní àpò ni n ó máa rán. Mo bi wọ́n pé àpò wo. Wọ́n ní àpò ọ̀tún.

Àpò ọ̀tún ni mo rán láti ọdún dé ọdún. Aṣọ á ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ mi, n ó rán àpò mọ́ ọn, á kọjá, ó tán, n kò ní fojú kàn án mọ́. Ní Ìlá, bí mo bá rán dàńṣíkí fún ẹnì kan, n ó rí i lára rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ nígbà tó bá ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, n ó sì mọ̀ bóyá ọrùn rẹ̀ fún un. Níbẹ̀, ojú títì ni mo máa ń dúró sí lọ́jọ́ Sátidé, tí n ó máa wo àpò ọ̀tún àwọn ọkùnrin tó ń kọjá, tí n ó máa bi ara mi pé ṣé tèmi nìyẹn. Obìnrin kan rí bí mo ṣe tẹjú mọ́ àpò ọkọ rẹ̀, ó fa ọkọ náà mọ́ra, wọ́n yára kọjá. Olè ni ó fi mí pè nínú ọkàn rẹ̀. Ó dùn mí fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ti ìkíni tún burú ju ìyẹn lọ. Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jáde, gbogbo ẹni tí mo pàdé láti ilé dé ibi iṣẹ́ ni mo kí. Ẹni méjì péré ló dáhùn, ọ̀kan nínú wọn sì béèrè ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Nígbà tó di oṣù kẹta, èmi náà ti ń wolẹ̀ bí mo bá ń lọ. Ẹnu tí kò kí èèyàn láti àárọ̀ máa ń wúwo, àfi bí ẹni tí wọ́n fi òwú rán ètè rẹ̀ pọ̀.

Ẹsẹ̀ mi ni kò gba ìjókòó yẹn. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, yàrá mi kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ, n ó rìn ín lọ, n ó rìn ín bọ̀, títí obìnrin tó ni ilé yóò fi máa fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà láti ìsàlẹ̀. Mo bá bọ́ síta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́bàá odò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi. Òtútù mú kí ìrìn náà yá, nígbà tó ṣe ó di ìkánjú, nígbà tó tún ṣe, mo rí i pé eré ni mò ń sá. Àwọn baba wa ní èèyàn kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Nígbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, òtútù ni ǹ bá wí.

Bàbá kan ló rí mi lọ́jọ́ kan lẹ́bàá odò náà. Ibi iṣẹ́ wa ló wà, òun ló ń lọ àwọn kóòtù tí a bá rán tán, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Jọ́ọ̀jì lorúkọ rẹ̀, gbogbo èèyàn, títí kan ọmọdébìnrin tó ń gbá òwú nílẹ̀, ló ń pè é ní Jọ́ọ̀jì. Ẹnu tèmi kọ̀ ọ́. Bàbá Jọ́ọ̀jì ni mò ń pè é, ó bi mí ohun tó túmọ̀ sí, mo sì sọ fún un. Kò bímọ. Òun ló mú mi wọ ẹgbẹ́ àwọn sárésáré tó wà níbẹ̀, àwọn tó ń sáré láìgba owó, kìkì pé ó wù wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi sáré lẹ́yìn rẹ̀. Mo lágbára jù ú lọ, ọ̀dọ́ ni mí, ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe sáré kọjá lára ẹni tó tó bàbá bí mi, kí n kọ ẹ̀yìn sí i bẹ́ẹ̀, láìsọ nǹkan kan? Nígbà tó sú u, ó dúró, ó ní kí ló dé tí mo ń mí sí òun lọ́rùn láti bí oṣù kan. Mo ṣàlàyé pé nílé wa, a kì í kọjá lára àgbà láìtọrọ gáfárà. Ó ní kí n tọrọ rẹ̀ nígbà náà kí n máa lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ kọjá n ó ní, "Gáfárà, Bàbá." Kí ọdún tó yí po, gbogbo ẹgbẹ́ náà ló ti ń sọ ọ́. Ẹ̀ bá rí òyìnbó tó ga fíofío tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn yín nínú yìnyín, tó ń ní "gáfárà, gáfárà." Inú mi dùn sí i, mi ò ní purọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.

Ayé mi wá di eré àti iṣẹ́. Bí mo bá kírun àsùbáà tán, mo ti wà lójú ọ̀nà, máìlì mẹ́fà. N ó fi omi tútù wẹ̀, n ó jẹ ànàmọ́ òyìnbó tó ṣẹ́kù, n ó sì sáré lọ síbi àpò ọ̀tún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, mò ń lọ kọ́ ìgé aṣọ ní ilé ẹ̀kọ́, nítorí mo ti búra pé n kò ní padà sílé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń rán àpò. Ọjọ́ Àìkú ni ti ọ̀nà jíjìn, máìlì méjìdínlógún, nígbà mìíràn ogún. Nígbà àwẹ̀, mo sún eré sí ìgbà tí mo bá ti ṣínu tán, ikùn mi sì máa ń bá mi jà. Àwọn tí a jọ wà níbi iṣẹ́ ní orí mi dàrú. Bóyá ó dàrú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ mí lọ́kàn: ojú ọ̀nà tó lọ sí Òkè-Ìlá, ohùn ìyá mi, èdè Ìgbómìnà tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ń sáré, kì í bá mi.

Nígbà tí ẹgbẹ́ fẹ́ mú mi lọ sí eré ìdíje mi àkọ́kọ́, máìlì mẹ́wàá, mo rán ṣòkòtò péńpé àti ẹ̀wù aláìlápá fún ara mi. N kò lo ìwé ìgé, ọwọ́ mi gé ohun tó mọ̀. Mo sáré náà, mo ṣe ipò keje. Ẹnì kan ya àwòrán wa. Ẹ wò mí nínú àwòrán náà: ṣòkòtò péńpé funfun, ẹ̀wù funfun aláìlápá, nọ́ńbà mọ́kànlélógójì gàdàgbà láyà mi, orí mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, ojú mi tó ti rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú lẹ́tà. Kò sí tẹlifóònù ní Ìlá nígbà yẹn, lẹ́tà ni ohùn wa, ó sì ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó dé. Mo ṣì rántí ohun tí mo kọ nítorí wọ́n padà fi gún mi lójú: "Ìyá mi, mo ń sáré níbí lójoojúmọ́. Ẹnikẹ́ni kò lé mi. N kò ní ibì kankan tí mò ń lọ, ibi tí mo ti gbéra ni mò ń padà sí. A pọ̀ tí a jọ ń sá a, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Wọ́n ń fún wa ní tíì bí a bá ṣe tán. Ẹ má ṣe dààmú."

Ẹ rí i pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ká ní ìyá mi rí ojú mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni, ì bá mọ̀ pé ẹ̀rín ni mò ń rín.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù kan àti ààbọ̀. Bàbá Kékeré ló kọ ọ́. Kò kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Ó ní, "Mo ti rí aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí ọwọ́ mi ni mo fi rán irú rẹ̀ lọ́jọ́sí, ìwọ gan-an lo sì ń bá mi gé nọ́ńbà rẹ̀. Ọmọ mi, kí lo ṣe fún wọn?"

Òótọ́ ni. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, wọ́n gbé aṣọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n fún Bàbá Kékeré rán ní ọdún kan, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ń kó wá gé koríko níwájú kóòtù. Péńpé funfun, ẹ̀wù aláìlápá, nọ́ńbà láyà. Èmi ni mo ń gé e, ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Bí mo ṣe gé aṣọ eré mi, ìgé náà ni ọwọ́ mi rántí, ojú mi kò sì rí i. Ọdún méjì lájò ti wẹ nǹkan kan kúrò lójú mi. Mo jókòó sẹ́bàá ìbùsùn, mo gbé aṣọ náà kalẹ̀ sí orókún, mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún. Ìyá mi kò jẹun dáadáa mọ́, lẹ́tà náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Sàlámátù, ọmọbìnrin tí a ti gbé ìdáná rẹ̀ kí n tó lọ, ti ránṣẹ́ pé òun kò lè fi ọmọ òun fún ẹlẹ́wọ̀n. Ó fún wa di Iléyá. Bí kò bá rí ẹ̀rí, ọkọ mìíràn wà ní Ọ̀tan Ayégbajú, olówó, tó ní ọkọ̀ akẹ́rù.

Mo ya àwòrán mìíràn kíákíá. Lọ́tẹ̀ yìí mo wọ kóòtù, mo so táì, mo di ìwé mú lọ́wọ́. N kò tíì lówó kóòtù tèmi, ti Bàbá Jọ́ọ̀jì ni mo yá. Ẹ mọ èsì tí télọ̀ fi ránṣẹ́ sí télọ̀? Bàbá Kékeré ní, "Kóòtù yẹn fi ìka mẹ́ta fẹ̀ ju èjìká rẹ lọ. Wọ́n yá ọ wọ̀ ni."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni lẹ́tà kékeré kan dé, ọwọ́ ìkọ̀wé tí n kò mọ̀. Sàlámátù ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ka ìwé dé kíláàsì kẹfà, ṣùgbọ́n kò kọ nǹkan sí mi rí, ojú ń tì í. Kò ju ìlà mẹ́ta lọ: "Mo kí yín. Bí ẹ̀wọ̀n bá ni, ẹ sọ iye ọdún fún mi, n ó kà á. Bí eré bá ni lóòótọ́, kí ló ń lé yín?"

Ibi iṣẹ́ ni mo ti kà á, níwájú ẹ̀rọ mi. Aṣọ ń kó jọ síwájú mi, ọ̀gá ń pariwo, n kò gbọ́. Mo ronú kan gbogbo rẹ̀: yàrá ìṣísẹ̀ mẹ́rin, agogo tí wọ́n ń lù kí a tó jẹun, àpò ọ̀tún, àpò ọ̀tún. Ẹ̀kọ́ ìgé aṣọ mi ṣì ku ọdún méjì, bí mo bá sì pa á tì, òfo ni n ó gbé wálé. Mo mú ìwé, mo kọ ọ́ pé: "Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ni. Máa kà á." Mo dáhùn ìbéèrè kan, mo fo èkejì.

Ó wá ku ẹ̀rí fún bàbá rẹ̀. Ẹgbẹ́ ń múra sí eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin, máìlì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹni tó bá sì parí rẹ̀ kí wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ tó pé, wọn á fún un ní mẹ́dààlì tí wọ́n ya ẹni tó ń sáré sí lára. Ó ku oṣù méjì sí Iléyá. Mo sọ ọ́ fún ara mi pé kò sí ìjọba tó ń fún ẹlẹ́wọ̀n ní mẹ́dààlì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Àbẹ́rẹ́ gún ìka mi lẹ́ẹ̀mejì nítorí oorun. Mo pa kíláàsì jẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Èékánná ẹsẹ̀ mi méjì dúdú, wọ́n sì bọ́.

Lọ́jọ́ eré náà, máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Mo kà á bíi pé láti Ìlá ni mo ti ń lọ sí Òkè-Ìlá, tí mo dé ibẹ̀, tí mo mumi, tí mo ń padà. Nígbà tó di máìlì méjìlélógún, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Kò dùn mí, ó kàn kọ̀ ni, bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá lára mi. Mo rí Bàbá Jọ́ọ̀jì níwájú, òun náà ń rìn, ó di itan mú. Mo ti fẹ́ bá a rìn dé òpin, ká jọ gbà pé ó tán. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ Sàlámátù ni mo ti sọ fún un. Ó kúrò lójú ọ̀nà sínú koríko kí àyè lè gbà mí, ó ní, "Tọrọ rẹ̀, ọmọ. Tọrọ rẹ̀, kí o máa lọ."

Mo ní, "Gáfárà, Bàbá." Mo sáré.

Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo ti mẹ́dààlì náà bọ inú àpótí kékeré, mo kó òwú yí i ká, mo fi ránṣẹ́. Ó dé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá. Bàbá Sàlámátù ní kí wọ́n gbé e wá, ó fi eyín kàn án, ó gbé e sínú oòrùn, ó ní òun yóò dúró díẹ̀ sí i. Ọlọ́kọ̀ Ọ̀tan fẹ́ ẹlòmíràn. Ìyá mi kò fèsì kankan, Bàbá Kékeré kàn kọ ọ́ pé ó gbọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Nígbà tí ọdún méjì pé, mo gba ìwé ẹ̀rí ìgé aṣọ mi, Bàbá Jọ́ọ̀jì fún mi ní kóòtù yẹn pátápátá lẹ́yìn tó ti bá mi gba ìka mẹ́ta kúrò ní èjìká rẹ̀, mo wálé. Sàlámátù fi ìwé kan hàn mí, ìlà pẹ́ńsùlù ló kún inú rẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mẹ́rinlélọ́gọ́rùn-ún. A dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ mi nílé, bí a ti kírun tán, mo rí ìyá mi tó ń gbé ìkòkò ẹ̀wà lérí, ọwọ́ rẹ̀ kejì sì mú ẹ̀kọ. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní níbo. Ó ń lọ níwájú, mo ń tẹ̀ lé e. Iwájú kóòtù ìbílẹ̀ la dé. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà níbẹ̀ nínú koríko pẹ̀lú àdá wọn, péńpé funfun, nọ́ńbà láyà. Wọ́dà rí ìyá mi, ó kí i, ó sì yà fún un, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ ni. Àwọn ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ kó tó pè wọ́n.

Láti ọjọ́ tí àwòrán mi dé ló ti ń ṣe sàráà yìí, Jímọ̀ kan kò yẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ rí mẹ́dààlì tí mo fi ránṣẹ́."

Ó ní, "Mo rí i. Mo ní bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Bí mo bá bọ́ ọmọ ẹlòmíràn níbí, Ọlọ́run á ní kí ẹnì kan bọ́ tèmi lọ́hùn-ún."

Mo fẹ́ sọ fún un pé mo jẹun. Ẹnu mi wúwo bó ti ń wúwo lọ́hùn-ún. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà, èyí tó dàgbà jù, wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ìyá mi, ó ní, "Ìyá, ṣé ọmọ yín ti dé?" Ìyá mi ní, "Ó dé o. Alihamudulilai."

Ọkùnrin náà kọjú sí mi. Ó bi mí jẹ́ẹ́, bí èèyàn ṣe ń bi ẹnìkejì rẹ̀, "Ọdún mélòó lẹ lò?"

Mo lanu láti sọ fún un pé n kò ṣẹ̀wọ̀n rí. Wọ́dà wà níbẹ̀, ó ń gbọ́, àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí ti dúró, wọ́n ń gbọ́. Mo rántí obìnrin tó fa ọkọ rẹ̀ mọ́ra. Mo rántí ìbéèrè tí mo fò. Mo ní, "Mẹ́rin."

Ó ní, "Ẹ kú ewu." Ó sún díẹ̀ lórí koríko kí n lè ríbi jókòó. Mo jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin, ẹsẹ̀ mi dúró jẹ́ẹ́, ìyá mi sì bu ẹ̀wà fún àwa méjèèjì sínú àwo kan.